Platinum, palladium, rhodium: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó kó owó lé irin tí wọ́n ní ó wọ́n ju wúrà lọ



Ní alẹ́ ọjọ́ Sunday kan, àbúrò mi ọkùnrin fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣọwọ́ sí mi lórí WhatsApp. Àwòrán irin funfun kan tó ń dán yinrin ló wà níbẹ̀. Wọ́n kọ "RHODIUM" sí i lára, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé irin yìí wọ́n ju wúrà lọ, pé ẹni tó bá fi owó sí i yóò máa gba èrè 15% lóṣooṣù. Àbúrò mi wá kọ tiẹ̀ sí i: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó. Owó ilé tí mo ti kó jọ ni mo fẹ́ fi sí i kí lándílọ́ọ̀dù tó dé."

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó má tíì fọwọ́ kan owó náà. Lẹ́yìn náà, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì ka ìwé, mo sì bi àwọn tó mọ̀ nípa ọjà yìí léèrè ọ̀rọ̀. Mo kó ohun tí mo rí síbí, torí ó dá mi lójú pé kì í ṣe àbúrò mi nìkan ni irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ kókó rẹ̀ ná. Irin wọ̀nyí wà lóòótọ́, wọ́n sì wọ́n lóòótọ́. Àmọ́ wọn kì í ṣe wúrà kejì. Iléeṣẹ́ ló ń lò wọ́n jù, àwọn tó ń ṣe mọ́tò ló sì ń sọ iye wọn di òkè tàbí ilẹ̀. Rírà wọn kò le. Títà wọn ni iṣẹ́ wà.

Irin wo gan-an là ń sọ?

Irin mẹ́fà ni wọ́n, bí ọmọ ìyá kan náà: platinum, palladium, rhodium, iridium, ruthenium àti osmium. Inú òkúta kan náà ni wọ́n sábà máa ń jọ wà. Wọn kì í tètè dípẹtà, iná kékeré kò sì lè yọ́ wọn. Wúrà á yọ́ bí ooru bá dé 1,064°C, platinum ò ní yọ́ títí ooru yóò fi dé 1,768°C.

Àwọn ará Sípéènì tó ń wa wúrà ní ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Colombia lónìí ló fún platinum lórúkọ. Wọ́n pè é ní "platina", ìyẹn fàdákà kékeré. Wọn ò kà á kún nǹkan gidi nígbà náà. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn oníjìbìtì ń fi í ṣe? Wọ́n ń fi í rọ ayédèrú owó wúrà, wọ́n á wá fi wúrà díẹ̀ bò ó lójú, torí pé ó wúwo dáadáa. Láyé ìgbà yẹn, platinum ni ayédèrú. Ẹ ò rí i pé ayé yí!

Palladium àti rhodium, ọwọ́ William Hyde Wollaston, ará Ìlú Ọba, ni wọ́n ti jáde, ní ọdún 1802 àti 1804. Smithson Tennant rí iridium àti osmium ní ọdún 1803. Ruthenium ló dé kẹ́yìn: Karl Klaus ló rí i ní Rọ́ṣíà ní ọdún 1844.

Iṣẹ́ tí kálukú wọn ń ṣe rèé ní ṣókí:

• Platinum: ọkọ̀ tó ń lo dísù, òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn, irinṣẹ́ ilé ìwòsàn, àti ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì hydrogen ṣe iná mànàmáná.
• Palladium: ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù ló ń gba èyí tó pọ̀ jù.
• Rhodium: ọkọ̀ náà ló ń lò ó jù. Òun náà ni àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà fi ń pa wúrà funfun lójú kó lè máa dán.
• Iridium: púlọ́ọ̀gì mọ́tò tó dára, àti ẹ̀rọ tó ń yọ hydrogen lára omi.
• Ruthenium: inú díìsìkì tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan.
• Osmium: òun ló ki jù nínú gbogbo irin. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, èéfín tó ń jáde lára ìyẹ̀fun rẹ̀ sì jẹ́ májèlé.

Kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe ṣọ̀wọ́n tó: wúrà tí wọ́n ń wà jáde láyé lọ́dún kan kọjá 3,000 tọ́ọ̀nù. Platinum kò tó 200 tọ́ọ̀nù. Rhodium kò tó 30 tọ́ọ̀nù.

Ibo ni wọ́n ti ń rí wọn?

Ibi méjì ló gba gbogbo rẹ̀ kan. Àkọ́kọ́ ni South Africa, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Bushveld, níbi tí Hans Merensky ti rí ìpele òkúta tó kún fún platinum ní ọdún 1924. Orílẹ̀-èdè yìí nìkan ló ń wà nǹkan bí 70% platinum àgbáyé, àti ohun tó lé ní 80% rhodium. Ibi kejì ni Norilsk ní Rọ́ṣíà, níbi tí ọ̀pọ̀ palladium ti ń wá. Zimbabwe, Canada àti Amẹ́ríkà náà ń wà díẹ̀.

Ohun méjì ló yẹ kí ẹ fà yọ níbí. Èkíní, bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, gbogbo ọjà àgbáyé ló máa mì. Ẹ rántí Marikana ní South Africa: ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ọlọ́pàá yìnbọn pa òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà platinum mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tó ń béèrè owó oṣù tó dára. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn wà nínú ohun tí à ń pè ní irin olówó iyebíye yìí.

Èkejì, rhodium kò ní kùsà tirẹ̀. Ara platinum ni wọ́n ti ń yọ ọ́, bí ẹni tó ń fún epo pupa tó wá rí èkùrọ́ níbẹ̀. Palladium ti Norilsk náà, níbi tí wọ́n ti ń wa nickel ló ti ń jáde. Nítorí náà, bí owó rhodium tilẹ̀ di ìlọ́po mẹ́wàá lónìí, kò sẹ́ni tó máa gbẹ́ ihò tuntun nítorí rẹ̀ nìkan. Ìdí nìyẹn tí iye rẹ̀ fi máa ń fò sókè bí ẹyẹ, tó sì máa ń já lulẹ̀ bí òkúta.

Mẹ́káníìkì mi ló là mí lójú

Mo gbé mọ́tò mi lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì mi ní Ṣómólú. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, mo bi í bóyá ó ti gbọ́ nípa rhodium rí. Ó ní rárá. Mo wá ṣàlàyé iṣẹ́ tó ń ṣe lára páìpù èéfín, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, kátálísì lẹ̀ ń sọ yẹn! Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wò ó." Ó nawọ́ sí ohun kan bí agolo lábẹ́ mọ́tò, láàárín ẹ́ńjìnnì àti sálẹ́ńsà.

Nínú agolo yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Èéfín tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì bọ̀ gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun tó wà níbẹ̀ dà bí afárá oyin, wọ́n sì fi platinum, palladium àti rhodium díẹ̀ kùn ún, gíráàmù mélòó kan péré. Àwọn irin yìí ló ń sọ èéfín olóró di èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1975 ló ti gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí òfin èéfín le. Yúróòpù àti Ṣáínà tẹ̀lé e nígbà tó yá.

Mẹ́káníìkì mi ní, "Àwọn kan wà tí wọ́n ń wá rà á. Bí ẹ bá gbé mọ́tò fún ẹni tí ẹ ò mọ̀, ó lè yọ ọ́, kó fi páìpù lásán dí i. Ẹ ò ní mọ̀ títí ọjọ́ tí ìró mọ́tò yín máa yí padà."

Ohun kan náà ló mú kí àwọn olè máa fi ayùn gé kátálísì lábẹ́ mọ́tò ní London àti ní Amẹ́ríkà, pàápàá láti 2019 sí 2022. Ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń wa Toyota Prius.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí mọ́tò bá tà, irin yìí á tà. Bí mọ́tò kò bá tà, kò sí báńkì àpapọ̀ kankan tó máa sáré wá kó o pamọ́ bí wọ́n ṣe ń kó wúrà pamọ́. Mọ́tò oníná kò sì ní páìpù èéfín rárá, kò lo kátálísì. Bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ tó ni ìbéèrè yóò máa pọ̀ sí i nípa ọjọ́ iwájú palladium àti rhodium.

Òkè àti ilẹ̀: ẹ wo bí owó wọn ṣe ń lọ

Áúnsì ni wọ́n fi ń díwọ̀n wọn lọ́jà àgbáyé. Áúnsì kan jẹ́ gíráàmù 31.1. Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ìtàn.

*Rhodium.* Ní àárín ọdún 2008, áúnsì kan tó nǹkan bí $10,000. Kí ọdún yẹn tó parí, nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀ tí mọ́tò kò tà mọ́, ó ti já sí nǹkan bí $1,000. Ní ọdún 2016, kò tó $1,000. Ṣáínà wá mú òfin èéfín le sí i, ẹ̀rọ ìyọ́rin ńlá kan tún bú gbàmù ní South Africa ní oṣù Kejì ọdún 2020. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, rhodium fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $30,000. Kí ọdún 2023 tó parí, ó ti wà nísàlẹ̀ $5,000. Ẹ fojú inú wo ẹni tó rà á ní oṣù Kẹta yẹn.

*Palladium.* Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, ó kọjá $1,000. Iléeṣẹ́ Ford ti rà á jọ rẹpẹtẹ nítorí ìbẹ̀rù pé Rọ́ṣíà kò ní kó o wá sọ́jà tó. Iye rẹ̀ já. Ní oṣù Kìíní ọdún 2002, Ford kéde pé òun ti pàdánù bílíọ̀nù kan dọ́là lórí irin tí òun kó jọ. Bí Ford, tó ní amòye tó pọ̀ bẹ́ẹ̀, bá lè ṣi ọjà yìí rà, kí ni ká ti wí nípa èmi àti ẹ̀yin? Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine, ó tún kọjá $3,000. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti bọ́ sísàlẹ̀ $1,000.

*Platinum.* Ó kọjá $2,200 ní oṣù Kẹta ọdún 2008. Lákòókò yẹn, ó wọ́n ju wúrà lọ fíìfíì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, àṣírí tú pé Volkswagen ti dọ́gbọ́n sí àyẹ̀wò èéfín ọkọ̀ dísù rẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọkọ̀ dísù, platinum sì fara gbá a. Láti ìgbà náà ni wúrà ti gbawájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, áúnsì kan jẹ́ nǹkan bí $900, ó sì ti kọjá $1,400 nígbà tó fi máa di oṣù Keje.

Mi ò sọ pé kò sẹ́ni tó jèrè níbẹ̀ o. Àwọn kan jèrè gan-an. Àmọ́ ìgbà tí gbogbo èèyàn bá ti ń pariwo rẹ̀ lórí WhatsApp, ó sábà máa ń jẹ́ ìgbà tí àwọn tó kọ́kọ́ rà á ń wá ẹni tí wọ́n máa tà á fún.

Ọ̀nà wo lèèyàn lè gbà rà á?

1. Irin gidi, ẹyọ owó tàbí ọ̀pá. Platinum ló rọrùn jù láti rí. Palladium wà díẹ̀. Rhodium kò wọ́pọ̀, àwọn tó ń rà á padà lọ́wọ́ èèyàn kò sì pọ̀.

2. Àpò owó tí wọ́n ń pè ní ETF. Ẹ óò rà á lórí ọjà bí ẹni ń ra ṣíà, irin gidi á sì wà nínú ilé ìṣúra lórúkọ àpò náà. Èyí wà fún platinum àti palladium ní Amẹ́ríkà, ní London àti ní Johannesburg. Wọ́n máa ń yọ owó ìtọ́jú díẹ̀ lọ́dọọdún.

3. Ṣíà iléeṣẹ́ tó ń wà á, bíi Impala Platinum tàbí Sibanye-Stillwater. Ẹ rántí pé iléeṣẹ́ lẹ rà, kì í ṣe irin. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ tàbí àìsí iná mànàmáná lè fa ṣíà yín wálẹ̀ bí irin tilẹ̀ gòkè.

4. Àdéhùn ọjọ́ iwájú, tí wọ́n ń pè ní futures. Ti platinum àti palladium wà ní New York. Ẹni tó ń fi owó oṣù gbé bùkátà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jìnnà sí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ká ní ẹ wà ní London, ẹ fẹ́ ra ẹyọ platinum áúnsì kan. Iye irin náà lọ́jà jẹ́ £700. Olùtà á fi 8% tiẹ̀ lé e: ó di £756. Ìjọba Ìlú Ọba kì í gba VAT lórí wúrà ìdókòwò, àmọ́ ó ń gba 20% lórí platinum: ó di £907. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fẹ́ tà á. Ẹni tó ń rà á ní òun máa yọ 3% kúrò lórí iye ọjà. Ó fún yín ní £679.

Irin náà kò wálẹ̀ rárá o. Iye rẹ̀ ṣì jẹ́ £700. Síbẹ̀, £228 ti lọ. Kí owó yín tó lè padà sí bó ṣe wà, platinum gbọ́dọ̀ gòkè tó nǹkan bí 34%.

Àwa tó ń ná náírà ńkọ́?

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣi nǹkan mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦460 ní báńkì, palladium sì jẹ́ nǹkan bí $1,400. Ìyẹn jẹ́ ₦644,000. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, palladium ti wà ní nǹkan bí $950, dọ́là sì ti di nǹkan bí ₦1,500. Ìyẹn jẹ́ ₦1,425,000.

Ẹni tó rà á yóò máa yọ̀ pé owó òun ti ju ìlọ́po méjì lọ. Àmọ́ kì í ṣe palladium ló gòkè, náírà ló wálẹ̀. Bó bá jẹ́ dọ́là lásán ló fi $1,400 rẹ̀ tọ́jú, ì bá ti di ₦2,100,000. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fi èrè náírà hàn yín, ẹ ní kó fi ti dọ́là hàn yín pẹ̀lú.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ irin tó lè dáàbò bo owó yín, ẹ mọ̀ pé wúrà ti ní ọ̀nà nílé: àpò NewGold ETF ti wà lórí ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà láti ọdún 2011. Ẹ lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà ṣíà tó ní ìwé àṣẹ. Wúrà náà ní ewu tirẹ̀, àmọ́ àdúgbò wo lẹ fẹ́ dé tẹ́ ò ní rí ẹni tó mọ wúrà? Ẹ gbé rhodium lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kí ẹ wò ó bóyá ó máa dá yín lóhùn.

Bí ẹ ṣe lè dá jìbìtì mọ̀

• Wọ́n ṣèlérí èrè lóṣooṣù. Irin kì í bímọ. Bí ẹ bá gbé platinum sínú àpótí lọ́dún mẹ́wàá, platinum yẹn náà lẹ máa bá níbẹ̀. Ibo ni 15% ti ń wá? ₦1,000,000 tó bá ń fi 15% lé orí ara rẹ̀ lóṣooṣù yóò ti ju ₦5,000,000 lọ láàárín ọdún kan. Iṣẹ́ wo ló ń san ìyẹn?
• Wọ́n ní kí ẹ mú èèyàn wá kí ẹ tó gba ẹ̀bùn. Owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n ń san fún yín. Ẹ ò tíì gbàgbé MMM ti oṣù Kejìlá ọdún 2016, àbí?
• Wọn ò lè sọ ibi tí irin náà wà, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, àti nọ́ńbà tó wà lára ọ̀pá yín.
• Wọn ò ní ìwé àṣẹ SEC. Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ti ka Ponzi léèwọ̀ gbangba. Orí ìkànnì SEC lẹ ti lè wo orúkọ iléeṣẹ́ tó ní àṣẹ.
• Wọ́n ń kán yín lójú: "Ó ku wákàtí méjì!" Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi

Mo ní kó san owó ilé rẹ̀ ná. Owó tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé kì í ṣe owó tí à ń fi dán irin wò. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá ṣì wù ú, kó jẹ́ owó tó lè gbàgbé fún ọdún márùn-ún, kó kéré sí gbogbo ohun tó ní, kó sì gba ọ̀nà tí òfin mọ̀.

Mo tún ní kó bi àwọn tó fi àwòrán rhodium yẹn ránṣẹ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Bí mo bá fẹ́ ta irin mi lọ́la, ta ni yóò rà á, èló sì ni?"

Ó bi wọ́n. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù.

Ìbéèrè yẹn kò ná a ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ máa bi wọ́n kí ẹ tó sanwó.